MRI fún àrùn egungun, oríkèé àti ẹran ara: láti orí ìwé dókítà títí dé orí èsì

Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara, máa ń fi ohun tí ojú lásán kò lè rí hàn: omi tó ti wọ inú mùdùnmúdùn egungun, iṣan orúnkún tó ti já, ọyún tó ń kó jọ lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aláìsàn fi gbà pé bí àwọn bá ti ya MRI, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni MRI ń dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ bi í, ẹ̀rọ náà á kàn máa ka oríṣiríṣi nǹkan sílẹ̀ fún un, èyí tó pọ̀ nínú wọn kò sì ní kan ìrora tó gbé e débẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí dókítà ní kó lọ ya MRI, fún ará ilé tó máa bá a lọ, àti fún òṣìṣẹ́ ìlera tó máa ń kọ ìwé pé kí wọ́n ya á. Ọdún púpọ̀ ni dókítà tó ń ka àwòrán fi ń kọ́ iṣẹ́ yẹn, nítorí náà ìtọ́sọ́nà kan kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó lè ṣe ni pé ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ béèrè, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, àti ìdí tí wọ́n fi kọ ohun tí wọ́n kọ sínú èsì yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ní ọdún 1994, àwọn oníwàádìí kan ní Amẹ́ríkà ya MRI ẹ̀yìn fún ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kì í dùn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí ẹni 52 ni disc wọn (ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ọ̀pá ẹ̀yìn kan àti èkejì) ti wú jáde, ó kéré tán níbì kan. Bí ẹni 27 ni disc wọn ti yọ gọngọ kọjá ààyè rẹ̀. Ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Àkójọ ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2015 fi hàn pé láàárín àwọn tí kò ní ìrora kankan, disc ti ń gbó lára ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ogún ọdún, ó sì tó ìdá 96 lára àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí pé ó gbé ẹrù wúwo. Bó bá sáré lọ ya MRI, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí disc kan tó wú, kí wọ́n sì di ẹ̀bi ru ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yìn dídùn lásán, tí kò bá àmì burúkú kankan rìn, sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì nílò MRI nínú àkókò yẹn.

Àmì burúkú ni kò gbọdọ̀ dúró. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn, tí ènìyàn kò sì lè tọ̀ mọ́ tàbí tí ìtọ̀ ń dà fúnra rẹ̀, tí àárín itan òun ìdí kú tìpìrì, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, MRI ọjọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí àwọn iṣan ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn lè máa kú lọ bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí. Ibà pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, ara tó ń rù láìnídìí, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ìrora tó ń le sí i lóru: gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà fún ní àfiyèsí kíákíá.

Ìbéèrè tó dára máa ń ní ibi kan pàtó nínú. “Ẹsẹ̀ ń dùn ún” kì í ṣe ìbéèrè. “Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ lọ́ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó wú láàárín wákàtí méjì, ó sì ń yẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣé ligament iwájú inú orúnkún ti já?” Èyí ni MRI lè dáhùn dáadáa. (Ligament ni okùn tó so egungun mọ́ egungun.)

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má fo X-ray

Mo máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń bínú pé wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ya X-ray nígbà tí MRI wà. Dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. MRI kì í rí èròjà kálísíọ̀mù dáadáa, X-ray sì máa ń rí i kedere. Àpẹẹrẹ kan wà tó ṣe pàtàkì: bí ẹran itan bá fara gbá gidi, egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ẹran náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lórí MRI, ó lè jọ jẹjẹrẹ tó ń wu ènìyàn léwu. Lórí X-ray tàbí CT (ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara ní ègé-ègé), òrùka egungun tó yí i ká láti ìta ni yóò fi hàn pé ohun tí yóò san fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó ní MRI nìkan lọ́wọ́ lè gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

CT ló sàn jù fún egungun tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú oríkèé. Ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán) dára fún tendon (okùn tó so ẹran mọ́ egungun) tó wà nítòsí awọ, fún àpò omi, àti fún ọmọ ọwọ́. Ibi tí MRI ti ta gbogbo wọn yọ ni inú mùdùnmúdùn egungun àti àwọn ohun rírọ̀ tó wà nínú oríkèé.

Ọ̀nà méjì wà tí X-ray fi lè tan wá jẹ, kí ẹ mọ̀ wọ́n. Èkíní ni àgbàlagbà tó ṣubú, tí X-ray ìbàdí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Egungun rẹ̀ lè ti sán láìyẹ̀ kúrò ní ipò. MRI á fi ìlà dúdú tó kọjá nínú egungun náà hàn, pẹ̀lú omi tó yí i ká. Bí ẹnikẹ́ni bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé pé “kò ṣe nǹkan kan”, egungun tó kàn sán lè wá kán pátápátá. Èkejì ni kòkòrò àrùn inú egungun: ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí X-ray tó fi nǹkan kan hàn, nígbà tí MRI lè rí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé tí dókítà ń kọ

Èyí kàn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jù, ṣùgbọ́n aláìsàn náà lè bójú tó o kó tó kúrò ní iwájú dókítà. Kí ìwé náà sọ ẹ̀gbẹ́ wo ni, ọ̀tún tàbí òsì. Kó sọ ibi tí ìrora ti le jù, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kó sọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ rí, irin tó wà nínú ara, jẹjẹrẹ àtẹ̀yìnwá, àtọ̀gbẹ, àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, àti oògùn steroid tí ẹni náà ti ń lò fún ìgbà pípẹ́. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí máa ń yí ìtumọ̀ àwòrán padà pátápátá. Omi inú egungun ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí egbò sì wà látẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú omi inú egungun ẹsẹ̀ sárésáré.

Kí wọ́n fi àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn ìbéèrè ààbò

Òòfà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI kì í sinmi. Lóru, ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí kò sí aláìsàn kankan nínú yàrá, ó ṣì ń fa irin. Agbára 1.5 tesla tàbí 3 tesla (tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà) ni èyí tó pọ̀ nínú wọn ní, 1.5 tesla sì tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Ní ọdún 2001, ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú ní Amẹ́ríkà nígbà tí òòfà fa ìgò irin afẹ́fẹ́ oxygen wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀mí ló ń dáàbò bò.

Ẹ sọ ọ́ bí ẹ bá ní pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù), ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbìn sínú etí, irin kékeré tí wọ́n fi dí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ẹ̀rọ tó ń fún oògùn sínú ara, tàbí ọta ìbọn. Àwọn pacemaker kan wà báyìí tó lè wọ MRI lábẹ́ àbójútó, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ wẹ́dà tàbí tó ń lọ irin, tí ìfọ́ irin sì ti wọ̀ lójú rí, ní láti ya X-ray ojú kó tó wọlé, torí òòfà lè yí irin tó wà nínú ẹyinjú kó sì fọ́ ojú náà.

Páànù irin àti ìdè tí wọ́n fi to egungun tó kán, tàbí oríkèé àtọwọ́dá, kò sábà dí ènìyàn lọ́wọ́ láti wọlé. Wọn yóò kàn ba àwòrán ibi tí wọ́n wà jẹ́ ni. Tí ibẹ̀ gan-an bá ni ẹ fẹ́ wò, ẹ̀rọ 1.5 tesla sàn ju 3 tesla lọ, òṣìṣẹ́ náà sì lè lo àwọn ètò pàtàkì tó ń dín ìbàjẹ́ irin kù. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe nígbà tí ẹ ti dùbúlẹ̀.

Aboyún lè ya MRI bó bá pọn dandan. Oògùn gadolinium ni wọ́n ń yẹra fún. Gadolinium yìí ni wọ́n máa ń fún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí lè tàn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀: ligament tó já, disc, egungun tó sán, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fẹ́ ẹ. Àpò ọyún, kókó (ohun tó hù tó sì wú nínú ara), àti awọ inú oríkèé tó wú nítorí làkúrègbé ni ó ti wúlò jù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè máa fún un lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ tí wọ́n ń ya á

Ẹ bọ́ gbogbo nǹkan irin, títí kan aṣọ eré ìdárayá tí wọ́n hun òwú irin mọ́ àti oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tí pépà irin wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ó lè jó awọ. Wọ́n á gbé coil bo ibi tí wọ́n fẹ́ yà. Coil ni ohun tó ń gba àmì láti inú ara, bó bá ṣe sún mọ́ ibẹ̀ tó ni àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Ẹ má ká apá mọ́ra, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ẹ̀rọ náà á máa pariwo bí ẹni ń fi òòlù lu páànù, nítorí náà ẹ gba ohun ìdí-etí. Oríkèé kan sábà máa ń gba ogún ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ohun tó ń ba àwòrán jẹ́ jù ni kí ènìyàn máa mira. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí ẹ lè dùbúlẹ̀, ẹ sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n fún yín ní oògùn ìrora; bí ẹ̀rù ihò tóóró bá ń bà yín, ẹ sọ èyí náà. Nígbà tó bá jẹ́ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tì wọlé, orí ẹni náà sì máa wà níta tàbí nítòsí ẹnu ihò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí dúdú àti funfun ń sọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí gbogbo ohun tó kù dúró lé e.

Ara wa kún fún omi àti ọ̀rá, inú àwọn méjèèjì ni hydrogen pọ̀ sí. Òòfà ńlá náà á to àwọn hydrogen yìí sí ìhà kan. Ìgbì rédíò á wá tì wọ́n kúrò ní ipò. Bí wọ́n ṣe ń padà sípò ni wọ́n ń rán àmì jáde, kọ̀ǹpútà sì ń sọ àmì náà di àwòrán. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003 lórí iṣẹ́ tó sọ èyí di ohun tó ṣeé ṣe. Kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀ rárá.

Hydrogen inú ọ̀rá àti ti inú omi kì í padà sípò ní àkókò kan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni òṣìṣẹ́ náà ń lò. Nínú àwòrán tí wọ́n ń pè ní T1, ọ̀rá máa ń funfun, omi á dúdú. Nínú T2, omi á funfun. Nínú STIR, tàbí èyíkéyìí tí wọ́n bá ti pa ọ̀rá, ọ̀rá á dúdú, omi nìkan ni yóò máa tàn. Ọ̀pọ̀ àrùn, yálà ó jẹ́ ìfarapa, kòkòrò àrùn tàbí jẹjẹrẹ, máa ń kó omi wá síbi tó wà. Nítorí náà STIR ni ẹ ó fi mọ ibi tí wàhálà wà, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ irú wàhálà tó jẹ́. T1 ló máa ń sọ ìyẹn. Ẹni tó bá wo STIR nìkan, tó sì sọ pé “ó tàn, jẹjẹrẹ ni”, kò tíì ka àwòrán.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn, tó sì ń wúlò lójoojúmọ́. Ọ̀rá pọ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun àgbàlagbà, nítorí náà lórí T1 ó yẹ kó funfun ju ẹran ara tàbí disc tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá dúdú jù wọ́n lọ, nǹkan mìíràn ti gba ipò ọ̀rá: jẹjẹrẹ, kòkòrò àrùn, tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀. Bó bá kàn ṣókùnkùn díẹ̀ tí ọ̀rá ṣì wà láàárín rẹ̀, ó lè jẹ́ omi ìfarapa lásán tàbí mùdùnmúdùn pupa tí ara ń lò láti ṣe ẹ̀jẹ̀.

Èepo egungun, tendon, ligament àti meniscus (kèrékèré inú orúnkún) máa ń dúdú nínú gbogbo irú àwòrán, torí hydrogen inú wọn kò lè yí fàlàlà. Bí funfun bá wá yọ nínú dúdú yìí, ẹ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà: bí tendon bá dagun ní nǹkan bíi dígírì 55 sí ìhà òòfà, ó lè funfun nínú T1 nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó wọ́pọ̀ ní èjìká àti ọrùn ẹsẹ̀. Bí funfun náà bá pòórá nínú T2, ẹ̀tàn ni.

Ìgbésẹ̀ keje: bí wọ́n ṣe ń dá àrùn kọ̀ọ̀kan mọ̀

Orúnkún ni wọ́n ń yà jù nínú àwọn oríkèé. Meniscus jẹ́ kèrékèré méjì tó wà láàárín egungun itan àti ti ojúgun, tí wọ́n rí bí igun mẹ́ta dúdú nínú àwòrán. Ìlà funfun tó wà ní àárín rẹ̀ láìkan etí lè jẹ́ gbígbó lásán. Kí wọ́n tó pè é ní yíya, ìlà náà gbọ́dọ̀ kan ojú rẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀, ó sì dára kó hàn nínú ègé àwòrán méjì ó kéré tán. Ligament iwájú tó já kì í sábà já nìkan: bí orúnkún ṣe yẹ̀ tó sì padà, ìta egungun itan á gbá ẹ̀yìn egungun ojúgun, omi á sì tàn nínú egungun méjèèjì. Ẹni tó bá rí àpá méjì yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wo ligament náà rárá. Ohun ìdùnnú ló jẹ́ láti rí bí egungun ṣe ń jẹ́rìí sí ọ̀ràn iṣan.

Ní èjìká, ìbéèrè pàtàkì kì í ṣe “ṣé tendon ya?” nìkan. Ṣé ó ya já látòkè dé ìsàlẹ̀? Báwo ni ó ṣe sá sẹ́yìn tó? Àti ní pàtàkì jù, ṣé ẹran tó ń fa tendon náà ti di ọ̀rá? T1 ló ń sọ èyí. Bí ẹran náà bá ti di ọ̀rá púpọ̀, kì í sábà padà sí bó ṣe wà, rírán an kò sì ní fún aláìsàn ní agbára tó ń retí. Èsì tí kò sọ nǹkan kan nípa ẹran yẹn kò tíì pé.

Ní ìbàdí, àrùn tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde mọ̀ ni kíkú orí egungun itan nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ gbà. Steroid àti ọtí àmupara náà máa ń fà á. X-ray lè mọ́ pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀. MRI á fi ìlà kan hàn tó yí apá tó ti kú ká. Lórí T2, ìlà dúdú àti funfun lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà tí orí egungun kò tíì wó ni ìtọ́jú ti lè gbà á là, nítorí náà ìbàdí tó ń dùn lára ọ̀dọ́ tó ní àìsàn yìí kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi oògùn ìrora bò mọ́lẹ̀. Kí wọ́n ya ìbàdí méjèèjì pọ̀, torí ó sábà máa ń mú ìkejì láìtíì dùn.

Nínú àìsàn kan náà, egungun tó kú àti egungun tí kòkòrò àrùn wọ̀ lè jọra lórí MRI débi pé àwòrán nìkan kò lè yà wọ́n. Ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti nígbà mìíràn fífa omi ibẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò ló ń parí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ oní-àtọ̀gbẹ ní irú ìṣòro yìí. Bí omi bá wà nínú egungun tó wà lábẹ́ egbò gan-an, tí T1 rẹ̀ dúdú, tí ọ̀nà kan sì ṣí láti egbò dé egungun, kòkòrò àrùn ni a ó fura sí jù. Bó bá jẹ́ oríkèé púpọ̀ láàárín ẹsẹ̀ ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí awọ ibẹ̀ sì pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí kò ní ìmọ̀lára mọ́ ló ń wó fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ gan-an.

Ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kòkòrò lásán máa ń tètè jẹ disc tó wà láàárín egungun méjì. TB máa ń fi disc sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á máa yọ́ rìn níwájú egungun láti ọ̀kan dé òmíràn, á sì kó ọyún púpọ̀ sínú àpò tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, nígbà mìíràn títí dé ẹran ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Bí wọ́n bá fura sí TB, ó dára kí wọ́n ya gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn, torí ó lè wà níbi méjì tí kò kan ara wọn.

Fún ọ̀dọ́ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gan láàárọ̀ tó sì máa ń sàn bó bá ti ń rìn, oríkèé tó so ìbàdí mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí wọ́n yà pẹ̀lú STIR. Omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé yẹn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ irú làkúrègbé kan tí X-ray lè má rí fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n sárésáré àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà lè ní omi díẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku kókó. Kókó tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó wà jìn nínú ẹran, tó sì ń dàgbà, ẹ mú un bí ohun tó lè jẹ́ jẹjẹrẹ títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi hàn, kódà bí kò bá dùn. Kókó ọ̀rá lásán máa ń ṣe bí ọ̀rá awọ nínú gbogbo àwòrán: á funfun lórí T1, á sì kú pátápátá nígbà tí wọ́n bá pa ọ̀rá. Bí nǹkan mìíràn tó nípọn bá wà láàárín rẹ̀, kí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó. Bó bá jẹ́ inú egungun ni, kí wọ́n ya egungun náà láti oríkèé dé oríkèé, torí jẹjẹrẹ egungun lè fo, kó dá ibùdó sí ibòmíràn nínú egungun kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ kan irú kókó yìí kí wọ́n tó ya MRI. Ẹ̀jẹ̀ tó máa dà síbẹ̀ á ba àwòrán jẹ́. Ohun tó tún burú ju ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà lè di ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà jáde, dókítà oníṣẹ́ abẹ sì gbọ́dọ̀ gé e kúrò mọ́ kókó náà. Ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ló yẹ kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù máa ń mú kí ènìyàn fẹ́ kí wọ́n gé e lónìí. Ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá fi dúró fún MRI lè jẹ́ ohun tó máa gba ẹsẹ̀ yẹn là.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí èsì bá dé ọwọ́ yín

Ìsàlẹ̀ èsì ni ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ṣàkópọ̀ ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà yín: èwo nínú gbogbo èyí ló bá ìrora mi mu? Bí èsì bá sọ pé disc òsì ló ń tẹ iṣan ìmọ̀lára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ ketekete. Ẹ béèrè bóyá ohun tí wọ́n rí máa yí ìtọ́jú padà. Bí kò bá ní yí i padà, kò sí ìdí láti máa ya òmíràn léraléra.

Ẹ gba àwòrán náà fúnra rẹ̀ sórí CD tàbí sórí ẹ̀rọ ìpamọ́, kì í ṣe ìwé èsì àti fíìmù díẹ̀ nìkan. Dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́ wo gbogbo ègé àwòrán, ẹni tó bá sì ya òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nílò èyí láti fi wé e. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lo irú ètò kan náà nígbà méjèèjì.

Fún àwọn tí wọ́n ń tọ́jú nítorí kòkòrò àrùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ mọ̀ pé àwòrán máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé ara. Ibà lè ti lọ, ìrora lè ti dínkù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè ti dára, kí egungun ṣì máa tàn lórí STIR fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí á wo bí àpò ọyún inú ẹran àti èyí tó ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń kéré sí i, kò ní pààrọ̀ oògùn nítorí egungun tó ṣì ń tàn nìkan.